Àwọn Ìbejì Ọ̀jọ̀gbọ́n Kalvelis

Ní ilé ìwádìí wa ní Vilnius, bí ènìyàn bá gun àtẹ̀gùn dé àjà kejì, ohun tí yóò kọ́kọ́ rí kì í ṣe ènìyàn. Àwòrán ni. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí aṣọ líle, ó ga ju ilẹ̀kùn lọ, iná kékeré méjì sì ń tàn sí i láti òkè bí ẹni pé ère ẹni mímọ́ ni. Nínú rẹ̀, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní àwọ̀ wúrà lọ́ kiri lórí ilẹ̀ dúdú. Kóró méjì jókòó lé okùn náà, ọ̀kan tóbi, ìkejì kéré díẹ̀, wọ́n fara ti ara wọn. Okùn náà ni DNA. Àwọn kóró náà ni purotéènì. Orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Vytenis Kalvelis wà nísàlẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ sì tóbi ju èyí tí wọ́n fi kọ orúkọ ilé ìwádìí lọ.

Ìbejì ni gbogbo wa ń pe àwọn kóró náà, nítorí Kalvelis fúnra rẹ̀ ló sọ wọ́n lórúkọ bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí purotéènì náà ń jẹ́ nínú ìwé ni K-17. Ọ̀jọ̀gbọ́n a máa ṣàlàyé fún àlejò pé K yẹn kì í ṣe tòun o, pé orúkọ ìlú tí wọ́n ti bu omi tí wọ́n rí i nínú rẹ̀ ni. Druskininkai ni ìlú náà. N kò tíì rí àlejò tó béèrè ìbéèrè kejì.

Ohun tó sọ ìbejì yìí di ẹni iyì kò ṣòro. Iṣẹ́ K-17 ni láti di okùn DNA mú kó sì gé e. Ṣé òun nìkan ló ń dá a ṣe ni, tàbí ó gbọ́dọ̀ wá ẹnìkejì kí wọ́n jọ ṣe é? Àwọn onímọ̀ ti fi ọ̀rọ̀ náà bá ara wọn jà fún ọdún mẹ́wàá, wọ́n ń fi ìṣirò gbè é. Kalvelis kò ṣírò ohunkóhun. Ó ya àwòrán, ó gbé e síta, ó ní, “Ẹ kà wọ́n.” Àwọn ènìyàn kà wọ́n, wọ́n jẹ́ méjì, ìjà sì parí.

Ẹ̀rọ tó ya àwòrán náà kò ní ojú, nítorí náà ni a ṣe ń pè é ní Afọ́jú. Abẹ́rẹ́ ló ní, tí ẹnu rẹ̀ mú kọjá ohun tí ojú lè rí. Abẹ́rẹ́ náà a máa rìn síwá sẹ́yìn lórí òkúta pẹlẹbẹ kan tí a ti tẹ́ DNA sí, bí ẹni tí kò ríran ṣe ń fi ọ̀pá tọ ilẹ̀ wò. Ibi tó bá ga, kọ̀ǹpútà a kọ ọ́ pé ó ga; ibi tó bá tẹ́, a kọ ọ́ pé ó tẹ́; bí ó bá rìn dé òpin, gbogbo rẹ̀ a di àwòrán. Abẹ́rẹ́ kì í pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Bí ó bá ti rìn fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, ẹnu rẹ̀ a kú, a ó sì jù ú nù.

Ní yàrá Kalvelis, ọ̀kan wà tí wọn kò jù nù. Abẹ́rẹ́ tó ya àwòrán ìbejì àkọ́kọ́, wọ́n fi òwú wé e, ó wà nínú àpótí kékeré kan tó ti fìgbà kan gbé yẹtí ìyàwó Ọ̀jọ̀gbọ́n, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò rẹ̀. Àgbà ni wọ́n ń pè é. Abẹ́rẹ́ tuntun wà fún ìdánrawò. Bí ó bá di àwòrán tí yóò lọ sínú jọ́nà àwọn onímọ̀, Àgbà ni wọn yóò gbé jáde. Bí abẹ́rẹ́ tuntun kan bá wá fi kóró kan ṣoṣo hàn níbi tó yẹ kí méjì wà, Kalvelis a wò ó, a mi orí, a ní, “Abẹ́rẹ́ yìí kò gbọ́ràn.” Wọn a kọ “abẹ́rẹ́ burúkú” sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà, wọn a mú òmíràn. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ṣe é báyìí. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí, yàrá mi kọjú sí tiwọn, mo gbọ́ ọ létí mi, èmi náà sì mi orí.

Skirmantė ni akẹ́kọ̀ọ́ tó gbẹ́yìn tí Kalvelis gbà. Ọmọ Rokiškis ni, ó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ó sì ti fi ọdún mẹ́rin kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé lórí ìbejì. Wọ́n ti tẹ ìwé náà. Wọ́n ti fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún tí yóò jókòó gbọ́ ìgbèjà rẹ̀ ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹfà. Olùyẹ̀wò láti ìlú Tartu, Ọ̀jọ̀gbọ́n Liivamägi, ti kà á, ó sì ti fi ìròyìn ránṣẹ́ pé àwòrán ìbejì ló dá òun lójú jù lọ nínú gbogbo ohun tí òun ti rí láti ogún ọdún. Bí ìgbìmọ̀ bá fọwọ́ sí i, iṣẹ́ ń dúró dè é ní ilé ìwádìí wa. Bí wọn kò bá fọwọ́ sí i, ìwé àdéhùn rẹ̀ yóò parí lópin oṣù, ọdún mẹ́rin yóò sì bá a lọ. Kò sí ẹni tó rò pé wọn kò ní fọwọ́ sí i.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Skirmantė jókòó, ó ń to àwọn àwòrán tí yóò jù sára ògiri lọ́jọ́ náà. Ogójì ni wọ́n. Nítorí kí ó lè mú mẹ́ta tó dára jù, ó tò wọ́n sójú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà, ó fara ti àga, ó ń mu kọfí. Ibẹ̀ ló ti rí i. Nínú ogójì àwòrán náà, ìbejì kékeré máa ń wà lápá ọ̀tún ìbejì ńlá, lókè díẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó wà lósì. Kò sí ọ̀kan tó wà nísàlẹ̀. Wọ́n dúró bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò.

Ó lọ bá Kalvelis nílé oúnjẹ. Ọbẹ̀ tútù ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ń mu, èyí tí a fi bíìtì, gbòǹgbò pupa kan, sè, ó sì ti ki aṣọ ìnujú bọ ọrùn kí ọbẹ̀ má bàa ta sí táì rẹ̀.

“Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí kékeré inú ìbejì wa fi máa ń wà lápá ọ̀tún nígbà gbogbo?”

“Níbo lo fẹ́ kó wà?”

Ó ní òun rò pé ó yẹ kí díẹ̀ wà lósì. Kalvelis rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n bi léèrè ìdí tí odò Neris fi ń ṣàn. Ó gbé ṣíbí sókè, ó ṣàlàyé. Bí a bá ti tẹ́ DNA àti purotéènì sórí òkúta, a ó fi omi ṣàn án, lẹ́yìn náà a ó fẹ́ gáàsì sí i kó gbẹ. Ọlọ́wọ́ òsì ni òun, òun ló sì kọ́ gbogbo ọmọ yàrá náà. Nítorí náà igun òsì nísàlẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń fẹ́ gáàsì. Afẹ́fẹ́ ló ń ti ìbejì sápá kan.

“Bí ìjì bá ká ìwọ àti ìyá ẹ mọ́ orí afárá,” ó ní, “ṣé kì í ṣe apá kan náà ni aṣọ ẹ̀yin méjèèjì máa fẹ́ sí?”

Ó dá Skirmantė lójú. Ó dúpẹ́, ó wọ bọ́ọ̀sì tó ń fi iná wáyà òkè rìn lọ sílé. Ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń gòkè ni ọ̀rọ̀ náà ti yí padà nínú rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń ti ìbejì, kí ló dé tí kò ti okùn? Okùn DNA tẹ́ẹ́rẹ́, ó rọ̀, ó yẹ kí afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ nà án ni. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwòrán náà, okùn lọ́ kiri bó ṣe wù ú, bí ìfun adìẹ. Ìjì wo ló ń gbé ọkùnrin tí kì í gbé fìlà rẹ̀? Ó sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn dé ilé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó lọ sí yàrá Afọ́jú. Ìyáàfin Genovaitė ló ń tọ́jú ẹ̀rọ náà, obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta tí kì í sọ̀rọ̀ bí abẹ́rẹ́ bá ń rìn, nítorí ohùn ènìyàn a máa mi abẹ́rẹ́. Nítorí tirẹ̀ ni gbogbo wa ní àjà kejì fi ń wọ bàtà rírọ̀. Skirmantė sọ fún un pé òun fẹ́ fẹ́ gáàsì láti apá ọ̀tún. Genovaitė fi téèpù bó ìpele òkè òkúta náà kúrò, bí ẹni ń ṣí ewé ìwé kan kúrò lórí òmíràn, ó gbé òkúta mímọ́ fún un. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti gbé Àgbà jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà fún àwòrán ìgbèjà, nítorí náà Àgbà ni wọ́n fi rìn.

Ìbejì kékeré wà lápá ọ̀tún, lókè díẹ̀.

Wọ́n fẹ́ ẹ láti òkè. Apá ọ̀tún, lókè díẹ̀. Wọ́n kò tilẹ̀ fẹ́ ẹ mọ́, wọ́n jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀ lábẹ́ ìdérí títí wọ́n fi jẹun ọ̀sán tán. Apá ọ̀tún. Nígbà náà ni Skirmantė ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe láti ọdún mẹ́fà, bóyá nítorí pé kò sí ìdí tí ènìyàn fi lè ṣe é: ó tú òkúta náà kúrò lórí ẹ̀rọ, ó yí i ní ìdá mẹ́rin òbìrí, ó tún un dè síbi kan náà, ó sì ní kí abẹ́rẹ́ rìn.

Bí àwòrán ṣe ń jáde láti òkè wá sísàlẹ̀, ó ń fọwọ́ di ẹnu. Nígbà tó parí, ó sọ̀rọ̀.

“Ìyáàfin, ẹ wò ó fún mi. Ṣé mo yí òkúta yìí àbí n ò yí i?”

“O yí i. Okùn yẹn ní ìkọ́ lẹ́nu. Òkè ni ìkọ́ náà kọjú sí tẹ́lẹ̀, ọ̀tún ló wá kọjú sí báyìí.”

“Àwọn ìbejì ńkọ́?”

“Àwọn yẹn ò yí.”

“Báwo ni okùn ṣe máa yí, tí ẹni tó jókòó lé e ò ní yí?”

Genovaitė bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. “Tí mo bá yí àga tó o jókòó sí,” ó ní, “tó o sì kọjú síbi tó o kọjú sí tẹ́lẹ̀, a jẹ́ pé o ò sí lórí àga. Inú ojú mi lo wà.”

Ó pẹ́ díẹ̀ kí Skirmantė tó lóye. Abẹ́rẹ́ ni. Àgbà ní ẹnu méjì. Ó ti fọ́ lẹ́nu láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ohunkóhun tí ẹnu kan bá fọwọ́ kàn, ẹnu kejì náà a fọwọ́ kàn án lọ́tọ̀, nígbà tí abẹ́rẹ́ bá wà níbòmíràn, kọ̀ǹpútà a sì kọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ó ṣì fẹ́ sá fún un. Ó ní bó bá jẹ́ pé ẹnu abẹ́rẹ́ jẹ́ méjì, kí ló dé tí okùn náà kò di méjì? Genovaitė ní bóyá ẹnu kejì kúrú ju ti àkọ́kọ́. Okùn kò ga tó láti kàn án. Purotéènì ló ga, òun ló ń kàn án, ìdí nìyẹn tí kejì fi máa ń kéré.

“Ṣé Ọ̀jọ̀gbọ́n mọ̀?”

“Ọ̀jọ̀gbọ́n mọ nǹkan púpọ̀,” Genovaitė ní. “Ó lè jẹ́ pé èyí ò sí nínú wọn.”

Skirmantė lọ sọ fún un. N kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn Kalvelis kì í tì dáadáa, àwa aládùúgbò rẹ̀ kò sì tíì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó wá tún un ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò pariwo. Ó kọ́kọ́ ní bóyá òkúta náà kò yí tán. Ó wá ní bóyá ìbejì máa ń yí padà fúnra wọn, nítorí ohun alààyè ni wọ́n. Skirmantė ní wọ́n ti gbẹ, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Kalvelis ní gbogbo abẹ́rẹ́ ló ní àṣìṣe tirẹ̀, pé ọgbọ́n àgbà ni láti mọ èyí tó ń sọ òótọ́. Skirmantė béèrè bí ènìyàn ṣe ń mọ̀ ọ́n. Kalvelis ní èyí tó ń fi méjì hàn ni. N kò lè sọ èwo nínú àwọn méjèèjì ló gbọ́ ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ.

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

“Wọ́n ti tẹ ìwé, ọmọ mi. Liivamägi ti kọ̀wé. Tó o bá fọwọ́ ara ẹ fa ìwé ara ẹ ya níwájú wọn, kí lo fẹ́ kí n ṣe? Kí n bá ẹ gbé gọ́ọ̀mù wá? Kọ́kọ́ di ọ̀mọ̀wé. Tó o bá di í tán, kò sẹ́ni tó máa ní kó o má yí òkúta. Yí i títí.”

Kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó gba ìbejì gbọ́ bí ènìyàn ṣe ń gba dígí gbọ́, ó sì ti pẹ́ níwájú rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí Skirmantė ṣe ti wá yé e: bí ìbejì bá jẹ́ irọ́, òótọ́ ni pé K-17 ń dá iṣẹ́ ṣe, òdì kejì ìwé rẹ̀ ni òótọ́, yóò sọ bẹ́ẹ̀, yóò sì gba ohun tó bá dé. Ìbànújẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó mọ́lẹ̀ kedere. Ìyáàfin Genovaitė ló bà á jẹ́. Ó ní òun kò fìgbà kankan pa àwọn àwòrán “abẹ́rẹ́ burúkú” rẹ́, nítorí bí wọ́n ṣe tọ́ ìran òun kì í ju nǹkan nù. Ó ṣí wọn fún un: ẹgbẹ̀ta àwòrán ó lé méjìlá, kóró kan ṣoṣo lórí okùn kọ̀ọ̀kan.

“O rí i pé kan ni,” Genovaitė ní. “Ṣùgbọ́n kan yìí, báwo ló ṣe tóbi tó?”

Wọ́n mú purotéènì mìíràn tí gbogbo ayé mọ ìwọ̀n rẹ̀, tí ẹyọ rẹ̀ kan tóbi tó ẹyọ K-17 kan, èyí tí kò sí iyèméjì pé òun nìkan ló máa ń dá rìn, wọ́n dà á mọ́ K-17 lórí òkúta kan náà, wọ́n fi abẹ́rẹ́ tuntun rìn lórí àwọn méjèèjì, wọ́n sì fi ti ẹni tí wọ́n mọ̀ díwọ̀n ẹni tí wọn kò mọ̀. Bí K-17 bá ń dá rìn, ìwọ̀n rẹ̀ yóò jẹ́ kan. Bó bá jẹ́ pé méjì ló dì mọ́ra gírígírí tí abẹ́rẹ́ kò lè yà wọ́n, yóò jẹ́ méjì. Skirmantė wọn igba kóró, ó pín in, ó wo ohun tó jáde.

Kan àti ààbọ̀, ó lé díẹ̀.

Ó tún un wọ̀n pẹ̀lú abẹ́rẹ́ mìíràn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé méjì. Ó mú ẹ̀kẹta: kan àti ìdámẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wọn nǹkan, bó ṣe ń wọ̀n ọ́n ni ojú rẹ̀ ń jìn sínú. Bóyá àwọn kan ń dá rìn, àwọn kan sì rìn ní méjì-méjì, kí gbogbo rẹ̀ wá pàdé láàárín. Bóyá abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kú ló ń sọ wọ́n di sísanra. Bóyá wọ́n jẹ́ méjì lóòótọ́, tí Kalvelis wí òótọ́ láti ọdún mẹ́fà, tó sì jẹ́ pé irọ́ ló fi rí i. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló dùn ún jù. Ìyá rẹ̀ pè é láti Rokiškis, ó ní òun ń bọ̀ fún ọjọ́ ìgbèjà, pé ṣé wàrà líle kan ni kí òun gbé wá fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ni tàbí méjì. Skirmantė ní kó tún ìbéèrè náà bi òun, ìyá rẹ̀ sì bi í pé ṣé ara rẹ̀ kò yá.

Ó bi mí léèrè nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ pé kí ni èmi yóò ṣe. Mo sọ fún un pé ohun tí ọkàn rẹ̀ bá sọ fún un ni kí ó ṣe, èyí tí í ṣe ohun tí ènìyàn máa ń sọ bí kò bá fẹ́ kí wọ́n dárúkọ òun lẹ́yìn náà.

Ọjọ́ kọkàndínlógún pé. Gbọ̀ngàn kún. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún jókòó síwájú, Ọ̀jọ̀gbọ́n Liivamägi wà láàárín wọn, obìnrin gíga tí kì í tètè rẹ́rìn-ín. Kalvelis kò sí nínú ìgbìmọ̀, nítorí olùkọ́ kì í dìbò fún ọmọ rẹ̀. Ó jókòó sí àga àkọ́kọ́ ní ìlà kejì, ibi tí àwọn ayàwòrán ti lè rí i. Skirmantė bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ó sọ ohun tó wà nínú ìwé, bí ó ṣe wà nínú ìwé, fún ogún ìṣẹ́jú. Ó ju ìbejì sára ògiri. Àwọn ènìyàn mi orí sí wọn bí ẹni rí ojúlùmọ̀.

Lẹ́yìn náà ó ní àwòrán tó kàn kò sí nínú ìwé òun. Ó fi àwòrán méjì hàn wọ́n, èyí tó yà kí ó tó yí òkúta àti èyí tó yà lẹ́yìn tó yí i. Ó fi ìka tọ́ka ìkọ́ ẹnu okùn, ó ní kí wọ́n wo ibi tó lọ. Ó tọ́ka ìbejì, ó ní kí wọ́n wo ibi tí wọn kò lọ. Ó sì sọ ọ́ tán: àwòrán tó wà ní ojú ewé kejìlélógún, èyí tí òun gbé gbogbo orí kẹta lé, ẹnu abẹ́rẹ́ ló yà á, kì í ṣe purotéènì. Kalvelis ń tún táì rẹ̀ ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ dúró níbẹ̀.

Alága ìgbìmọ̀ wo Liivamägi, nítorí ẹni tó bá ti kọ̀wé ló ń kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀. Liivamägi ní kí ó tún àwọn àwòrán méjèèjì fi hàn. Ó wò wọ́n pẹ́.

“Mo kọ ọ́ sínú ìròyìn mi pé àwòrán yìí ló dá mi lójú jù láti ogún ọdún,” ó ní. “Mo tún fi í sínú ìwé tèmi, odindi ojú ewé kan. Alága, ṣé fọ́ọ̀mù kan wà tí ènìyàn fi ń gba gbólóhùn padà?”

Alága wo akọ̀wé. Akọ̀wé wo inú fáìlì. Wọ́n ní fọ́ọ̀mù wà fún gbígba ìwé padà, fún gbígba orúkọ padà, àti fún gbígba owó ọkọ̀ padà, ṣùgbọ́n kò sí fún gbólóhùn.

“Ó dáa,” Liivamägi ní. Ó yíjú sí Skirmantė. “Mélòó wá ni wọ́n?”

Ìyá Skirmantė wà ní ìlà tó kẹ́yìn, ó fara síwájú. Gbogbo gbọ̀ngàn fara síwájú. Skirmantė fi ìwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tirẹ̀.

“N ò mọ̀,” ó ní. “Ó wù mí kí wọ́n jẹ́ kan, nítorí bó ṣe yẹ kí ìtàn yìí parí nìyẹn. Ìwọ̀n ò gbà. Ó lè jẹ́ méjì. Ṣùgbọ́n tó bá tilẹ̀ jẹ́ méjì, a ò tíì rí wọn rí. Ohun tí mo lè gbèjà ni pé a ò tíì rí wọn.”

Kalvelis dìde. Ó ní òun fẹ́ ran akẹ́kọ̀ọ́ òun lọ́wọ́ láti ṣàlàyé. Alága sọ fún un, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó yẹ ọ̀jọ̀gbọ́n, pé kó jókòó.

Ìgbìmọ̀ wọlé lọ fún wákàtí kan ó dín díẹ̀. Ní tiwa, ìdajì wákàtí ni wọ́n sábà máa ń lò, nítorí náà a bẹ̀rẹ̀ sí wo ara wa. Ohun tí wọ́n sọ nínú yàrá, mo gbọ́ ọ ní ọ̀nà mẹ́ta, kò sí méjì tó bára mu. Ẹnìkan ní wọ́n bá ara wọn jà lórí bóyá ènìyàn lè gba oyè lórí ìwé tí òun fúnra rẹ̀ ti sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Òmíràn ní Liivamägi ló ní kí wọ́n gbé oyè náà fún un kí òun tó padà sí Tartu láti lọ bá ojú ewé tirẹ̀ jà. Nígbà tí wọ́n jáde, mẹ́rin fọwọ́ sí i, ẹnìkan kò fọwọ́ sí i; orí kẹta yóò jáde kúrò nínú ìwé, èyí tó kù yóò dúró. Ó di ọ̀mọ̀wé. Iṣẹ́ rẹ̀ wà.

Wọ́n ti tẹ́ tábìlì sí yàrá kejì bí àṣà, àkàrà òyìnbó gíga kan tó yọ ẹ̀ka ṣóńṣó bí igi wà láàárín, wàrà Rokiškis wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń bọ Skirmantė lọ́wọ́, kò sì mọ ohun tí yóò fi ojú rẹ̀ ṣe. Àwọn kan kí i nítorí ìgboyà, àwọn kan kí i bí ẹni kí ẹni tó ṣòfò. Ìyá rẹ̀ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi í ní ohùn jẹ́jẹ́ pé kí ni kí òun wá sọ fún àwọn aládùúgbò. Skirmantė ní kó sọ pé òun yege. “Nínú kí ni?” ni ìyá rẹ̀ béèrè, kì í ṣe pé ó fẹ́ fi ṣẹ̀sín, ó fẹ́ mọ̀ ni. Ẹlòmíràn ti ń bọ Skirmantė lọ́wọ́.

Ìgbà yẹn ni Kalvelis fi ṣíbí lu ife. Àwọ̀ ti padà sójú rẹ̀. Ó ní ọjọ́ ayọ̀ ni fún yàrá òun. Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ òun, ní títẹ̀ lé ìlànà tí òun fi kọ́ ọ, ti fi hàn pé ìbejì sún mọ́ ara wọn ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ, débi pé abẹ́rẹ́ kankan nínú ayé kò lè yà wọ́n. Ó ní òun ti ń wí i láti ọdún mẹ́fà pé méjì ni wọ́n. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Liivamägi ń wá ẹ̀wù òjò rẹ̀.

Skirmantė wo Genovaitė, Genovaitė gé wàrà. Ó wò mí, mo wo àkàrà. Kò sí ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ tó lè dìde kó sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an. Òun náà sì ti sọ ọ́ níwájú ìgbìmọ̀ pé ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

“Fún ìbejì,” Kalvelis ní, ó gbé ife sókè.

Gbogbo wa gbé tiwa. Skirmantė dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbé tirẹ̀ náà, nítorí kò tíì rí ẹ̀rí pé irọ́ ni.